Ìkúnlẹ̀ Tó Pa Fóònù Métírọ̀nù

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ pé kó máa jí òkú dìde, kò yẹ kó tún máa bẹ̀rù alààyè. Ṣùgbọ́n alààyè kan wà tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Àjíǹde, ìyẹn ni ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò tíì di ìyá ọkọ rẹ̀.

Wọn ò sọ ọmọ náà ní Àjíǹde nígbà tí wọ́n bí i o. Àwọn oníbàárà ló fún un lórúkọ. Fóònù tí gbogbo ayé bá ti sunkún rẹ̀ tán, tí wọ́n ti jù ú sínú dúróò pẹ̀lú rìmóòtù tí kò ní tẹlifíṣọ̀n mọ́, òun ni yóò gbà á, yóò fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, yóò sì rọ ẹ̀mí tuntun sínú rẹ̀. Fláàṣì ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń pè é. Nígbà kan rí, rédíò tó bá dákẹ́, gbígbá la máa ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì máa ń gbọ́. Fóònù kì í gbọ́ irú ìyẹn. Fóònù ní ara, ó sì ní ẹ̀mí. Ara ni ojú rẹ̀ àti bátìrì rẹ̀ àti àwọn irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Ẹ̀mí ni ohun tó ń sọ fún un láràárọ̀ pé fóònù ni òun, pé òun kì í ṣe pátákó. Bí ẹ̀mí yẹn bá dàrú, fóònù á máa tàn, á máa kú, á tún tàn, á tún kú, bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò rí i sín.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù kì í fẹ́ gbọ́. Bó bá ti dàgbà díẹ̀, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé kí o lọ ra òmíràn, bí ẹni pé ìyàwó àárọ̀ ẹni ni wọ́n ní ká lé jáde. Nítorí náà, sọ́fúwià tí Àjíǹde ń lò kì í ṣe tiwọn. Àwọn kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ojú wọn ló kọ ọ́ sórí ayélujára, wọ́n sì fi ìpolówó oògùn tó ń mú ikùn wọlé yí i ká bí eṣinṣin. Gbogbo ìgbà tó bá ṣí i ni kọ̀ǹpútà máa ń kìlọ̀ fún un pé olè ni. Àjíǹde á tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé mo mọ̀, jẹ́ kó wọlé. Àǹtí rẹ̀ ní kò burú, ọ̀pọ̀ ọkọ ló wọlé èèyàn lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó le nínú iṣẹ́ náà ni pé ẹ̀mí fóònù kan kì í bá òmíràn mu, bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí ìbejì. Nígbà tí Àjíǹde ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ó rọ ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n sínú àbúrò nínú fóònù tíṣà kan. Fóònù jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tún rẹ̀ di òsì. Bí tíṣà bá fọwọ́ kan òkè, ìsàlẹ̀ ló máa dáhùn. Kí Àjíǹde tó rí ẹ̀mí tó yẹ ẹ́, tíṣà ti mọ̀ ọ́n lò bẹ́ẹ̀, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé wọn ò ní tún un ṣe. Ó ní láti ọjọ́ náà ni ìyàwó òun ò ti lè yẹ fóònù òun wò mọ́.

Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù náà, ìlẹ̀kùn onígíláàsì wà níwájú rẹ̀, fáànù kan sì wà lókè tó máa ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ ní ìrù. Tábìlì Àjíǹde wà nítòsí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́bàá fèrèsé ni Àǹtí jókòó sí, tòun ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Àbúrò ìyá Àjíǹde ni Àǹtí, òun ló tọ́ ọ dàgbà. Ní ti Àǹtí, ìkíni ni ìdajì ẹ̀kọ́ ilé, ìdajì tó kù ni kí èèyàn má gbàgbé láti kí. Láti ìgbà tí Àjíǹde ti ń rá kòrò ló ti gbìn ín sínú eegun orúnkún rẹ̀ pé bí àgbà bá ti wọlé, orúnkún ni kó kọ́kọ́ lọ, kí ẹnu tẹ̀ lé e. Ó kọ́ ọ títí ó fi di pé orúnkún ọmọ náà kì í bèèrè lọ́wọ́ orí mọ́.

Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Àjíǹde, onígbàjámọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì. Ọmọlúàbí ni, ọwọ́ rẹ̀ dán, àbùkù rẹ̀ kò ju ìyá rẹ̀ lọ. Métírọ̀nù ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí òun ló ṣe olórí yàrá iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù ńlá títí tó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn dókítà tó ti hu ewú ṣì máa ń fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, kó má bàa ní àwọn ò fọ̀ ọ́. Ó ti lé àwọn ọmọbìnrin kan dànù rí. Ó lé ọ̀kan torí pé ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù níbi tó ti ń kí òun. Ó lé ọ̀kan torí pé ó na ọwọ́ sí òun kí àwọn jọ bọ̀. Métírọ̀nù ní ìka ọwọ́ tútù bẹ́ẹ̀ yẹn, àyàfi ti òkú.

Nígbà tí wọ́n sọ ti Àjíǹde fún un, ó ní, "Kí niṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀?"

Ọmọ rẹ̀ ní, "Ó ń tún fóònù ṣe, Mọ́mì."

"Gbogbo wọn ló ń tún nǹkan ṣe títí wọ́n á fi bà á jẹ́."

Ọ̀rọ̀ wà bẹ́ẹ̀ kí fóònù Métírọ̀nù fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gìrì. Ó ń tàn, ó ń kú. Fóònù àtijọ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti pá. Ilé-iṣẹ́ ní kó jù ú nù. Ni onígbàjámọ̀ bá gbé e wá, ó sì fi í sórí tábìlì Àjíǹde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ẹyin.

"Mọ́mì ní tí o bá lè jí i, tí nǹkan kan ò sì sọnù nínú ẹ̀, àwọn á wá rí àwọn èèyàn rẹ."

"Tí n ò bá rí i jí ńkọ́?"

"Wọn ò parí ẹ̀. Wọ́n kàn wò mí."

Àjíǹde mọ irú ìwò bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kí ló tiẹ̀ wà nínú ẹ̀?"

"Wọ́n ní nǹkan pàtàkì ni."

Àǹtí gbójú sókè látinú aṣọ tó ń rán. "Nǹkan pàtàkì, inú fóònù. Owó ìsìnkú ara ẹ̀ ló máa kó síbẹ̀."

Àjíǹde yẹ fóònù náà wò. Ẹ̀mí rẹ̀ ló dàrú lóòótọ́, ìyẹn ò ṣòro. Ohun tó ṣòro ni ẹnu rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ki wáyà bọ̀ ọ́. Ó ti gbò bí èrìgì àgbà. Bí o bá ki wáyà sí i, àfi kí o fi àtàǹpàkò tì í sókè díẹ̀, kí o dì í mú bẹ́ẹ̀, kí o má sì mira, títí ilà tó ń gùn lójú kọ̀ǹpútà yóò fi kún. Bí wáyà bá yọ láàárín, fóònù tó ń kú tó ń tàn tẹ́lẹ̀ á kú ní àkúrun. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì í, ó yẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà dè é, ó yẹ̀. Ọwọ́ èèyàn nìkan ló gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kejì, Àjíǹde wá ẹ̀mí tó bá fóònù náà mu gan-an, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ti tíṣà má tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà méjì ni sọ́fúwià náà ní. Ọ̀kan máa ń gbá gbogbo ilé mọ́ kó tó kó ẹrù tuntun wọlé. Èkejì máa ń pààrọ̀ òrùlé lórí onílé láìjí i lójú oorun. Èkejì ló mú, kí nǹkan pàtàkì ìyá oníǹkan má bàa sọnù. Ó ki wáyà, ó fi àtàǹpàkò tì í, ilà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Ni ìlẹ̀kùn ṣí.

Bàtà funfun ló kọ́kọ́ rí. Kí orí rẹ̀ tó mọ ẹni tó ni bàtà, orúnkún rẹ̀ ti kan ilẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ káàbọ̀ mà."

Lókè tábìlì, wáyà ń mì jìnkìnnì ní òun nìkan. Ilà ojú kọ̀ǹpútà di pupa. Fóònù ṣókùnkùn, kò tàn mọ́, kò kú mọ́.

"Káàsán," Métírọ̀nù wí. Ó wò ó látòkè délẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ohun tó rí tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Báwo ni aláìsàn mi?"

Àjíǹde wo òkè tábìlì. "Ó ń sinmi, mà."

"Ó ń sinmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Màá padà wá lọ́túnla. Mo fẹ́ jókòó tì ọ́, kí n fojú ara mi rí bí o ṣe ń ṣe é." Ó kí Àǹtí, ó fọwọ́ kan tábìlì bóyá eruku wà níbẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àǹtí dúró kí ìlẹ̀kùn padé tán. "O kí i dáadáa."

"Àǹtí, mo ti pa á."

"Ta ni?"

"Fóònù."

"Fóònù lè kú. O kí i dáadáa."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni onígbàjámọ̀ sáré wọlé, abẹ ìfárí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi ọkùnrin kan sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí ìdajì orí rẹ̀ ti dán, tí ìdajì ṣì ní irun.

"Mọ́mì yìn ẹ́ o. Wọ́n ní orúnkún ẹ ò níyè méjì. Wọ́n ní látìgbà tí mo ti ń mú ọmọ ọlọ́mọ hàn wọ́n, ìwọ lẹ́ni àkọ́kọ́ tó kí wọn bí èèyàn."

Àjíǹde fi fóònù hàn án. Ó ṣàlàyé fún un. Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu.

"Má rín mi lẹ́rìn-ín," Àjíǹde wí.

"N ò rẹ́rìn-ín. Ikọ́ ni."

"Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ yìn mí gan-an ló pa nǹkan wọn."

"Ṣé kò wá ṣeé jí mọ́ ni?"

Ó ṣeé jí. Irú òkú bẹ́ẹ̀, èèyàn á ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, á fi ẹnu ẹ̀mú tín-ín-rín kan irin méjì inú rẹ̀ papọ̀ ní gẹ́rẹ́ tí wáyà bá wọlé, kọ̀ǹpútà á sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún rọ ẹ̀mí sí i, díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n Àjíǹde ò fẹ́ kí wáyà tún yọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti rí èyí tó yọ lẹ́ẹ̀kejì rí. Wọ́n fi ṣe ìdènà ìlẹ̀kùn.

"Ó dáa, tún un ṣe kí wọ́n tó dé," onígbàjámọ̀ wí.

"Ẹ̀mí tí mo rọ sí i tẹ́lẹ̀ ò lè jí èyí tó kú pátápátá, mo ní láti tún òmíràn fà látorí ayélujára. Ó tóbi. Bí ayélujára ibí yìí ṣe ń rákò, àárọ̀ ọ̀túnla ló máa wọlé tán. Ìgbà tí wọ́n sì ń bọ̀ nìyẹn."

"Kí n ní kí wọ́n má wá?"

"Wọ́n á bèèrè ìdí."

Ọkùnrin náà ronú sí i. Kò tíì purọ́ fún ìyá rẹ̀ rí kíyẹn má mọ̀. "Wọ́n á bèèrè," ó gbà bẹ́ẹ̀.

"Tó bá ti ìlẹ̀kùn pa ńkọ́?" ó tún wí.

Àǹtí ló dá a lóhùn. "Kí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìyá ọkọ? Ẹ kúkú kọ ọ́ síta pé ọmọ wa ò fẹ́ lọ́kọ."

"Tàbí kí ẹ bá a di wáyà mú, Àǹtí."

Àǹtí na ọwọ́ rẹ̀ síwájú fún un. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n jẹ̀jẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀rọ ìránṣọ ti sọ ọ́ di ti ara rẹ̀. Onígbàjámọ̀ rántí ọkùnrin ìdajì orí, ó sì sáré padà.

Àǹtí ti rán aṣọ kan tán kó tó sọ̀rọ̀. "Mo ti rí i," ó ní. "Ìkúnlẹ̀ ló ń pa á, àbí? Kí o máa kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́. Kí o ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ó tó dé. Tó bá wọlé, ohun tó fẹ́ rí ló máa rí, o ò sì ní mira rárá."

Àjíǹde wò ó, ó fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ òpònú ni, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí àléébù rẹ̀ wà. Èèyàn tí ìdààmú bá ti dé bá, ọgbọ́n tó bá ti ní ẹsẹ̀ méjì, a máa bá a rìn.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kúrò lórí tábìlì, wọ́n gbé e lé àpótí ìjókòó kékeré. Àǹtí ká àwókù aṣọ sí ilẹ̀ fún orúnkún. Àjíǹde kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó sì dúró de ẹ̀mí fóònù tó ń rákò bọ̀ látorí ayélujára.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, ọjọ́ yẹn ni oníbàárà wọlé jù. Ọkùnrin tó máa ń gbé omi inú ike kiri ṣí ìlẹ̀kùn, ó rí obìnrin lórí ìkúnlẹ̀ tó tẹrí ba, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde. "Ẹ má bínú, n ò mọ̀ pé ẹ ń gbàdúrà." Ọ̀dọ́kùnrin kan wá gba fóònù rẹ̀. Nígbà tó bá a níbẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ tàn án jẹ, òun ti níyàwó nílé. Obìnrin kan tẹ̀ lé e, tí ẹnu rẹ̀ ti mú láti ìta, torí fóònù ọmọ rẹ̀ ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ wọn. Ó ti ní kí òun bẹ̀rẹ̀ ìjà kó tó wo ilẹ̀. Ara rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Dìde, ọmọ mi, dìde. Kò tó ìyẹn. Ìgbà tí o bá ṣe é tán ni kí o ṣe é tán."

Àǹtí dúró kó jáde. "O ò rí i? Ó yẹ ká ti máa ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí."

Nígbà tí ẹ̀mí fóònù wọlé tán, Àjíǹde mú ẹ̀mú, ó kan irin méjèèjì, ó ki wáyà. Kọ̀ǹpútà dún kíń. Ó ti gbọ́ ọ. Ó ju ẹ̀mú sílẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ti wáyà sókè, ilà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, bí ìgbín tó ń gun ògiri.

Orúnkún ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ìkúnlẹ̀ ìkíni kì í pẹ́, wọ́n á ní kí o dìde. Ìkúnlẹ̀ láti àárọ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ti ẹni tó dá ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó kọ́kọ́ dùn ún, ó tún ta á bí èèrà, lẹ́yìn náà kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun lẹ́sẹ̀ mọ́.

"Àǹtí, ẹsẹ̀ mi."

"Fara dà á."

"Àǹtí, mo fẹ́ ṣubú lé kọ̀ǹpútà."

"Ó dáa, jókòó díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Mò ń wo ìta."

Àjíǹde fi ìdí balẹ̀, kò jẹ́ kí ọwọ́ tó di wáyà mú mira. Ó fi ọwọ́ kejì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jáde lábẹ́ ara rẹ̀, ó nà wọ́n gbọọrọ síwájú, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà bíi ti ẹni tó ń yáná. Ilà ti kọjá ìdajì. Òwú inú abẹ́rẹ́ Àǹtí já, ó tẹrí ba kó fi òmíràn bọ̀ ọ́.

Ìgbà yẹn gan-an ni Métírọ̀nù wọlé. Àtẹ́lẹsẹ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ kí i.

Àjíǹde fẹ́ ká ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ò gbọ́. Ó wo wáyà, ó wo bàtà funfun. Gbogbo eegun ara rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó jù ú sílẹ̀ kó dojú bolẹ̀. Ó fi eyín di ètè mú. Àtàǹpàkò rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Ẹnu nìkan ló kù fún un, ó sì lò ó tán.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú ìrìn mà. Ẹ ṣeun tí ẹ wá mà. Ilé ńkọ́ mà? Ara ńkọ́ mà? Ẹ kú ojú ọjọ́ mà."

Àǹtí ti fò dìde, ó sì ti kúnlẹ̀ gbì nítorí ọmọ rẹ̀, tòun ti abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ẹ dìde," Métírọ̀nù wí fún un. "Ẹ jù mí lọ."

"Ìdààmú ò mọ ẹ̀gbọ́n," Àǹtí dá a lóhùn.

Métírọ̀nù wo ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó wo ọwọ́ tó di wáyà mú. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Fáànù ké lókè.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ?"

"Ó ti kú, mà."

"Fóònù ńkọ́?"

"Òun ló ń jí bọ̀, mà."

"Tí o bá wá fi í sílẹ̀ báyìí?"

"Kò ní jí mọ́, mà."

"Kí ló dé tí o ò jókòó sórí àga bí èèyàn?"

Àǹtí yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu. "Èmi ni mo ní kó kúnlẹ̀ ṣe é, kí ẹ lè bá a lórí ìkúnlẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni, tòótọ́ ni mo wí."

Métírọ̀nù tún wo wáyà. Ó ń fi nǹkan wé nǹkan nínú orí rẹ̀, ó sì hàn lójú rẹ̀ nígbà tó dé ibẹ̀.

"Níjẹta tí mo wọlé, wáyà yìí wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, mà."

"O wá kúnlẹ̀."

"Mo kúnlẹ̀, mà."

"Ó wá kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì sọ fún mi pé ó ń sinmi."

Àjíǹde wo ilẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìgbéyàwó náà ti jáde lọ síta, ó ti ń wá ọkọ̀ tó máa wọ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí èmi gan-an máa ń sọ fún àwọn ẹbí aláìsàn nìyẹn," Métírọ̀nù wí.

Ó gbé báàgì rẹ̀ lé tábìlì. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè títí dé ìgúnpá. Ó ní kí Àǹtí bu omi àti ọṣẹ wá fún òun. Àǹtí bu ú. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ láàárín ìka kọ̀ọ̀kan, ó nù ún gbẹ, ó sì wá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjíǹde, tó jẹ́ pé orúnkún òun fúnra rẹ̀ dún kọ́.

"Ibo ni n ó ti dì í mú?"

"Mà?"

"Ṣé èmi náà á máa wò ọ́ bẹ́ẹ̀ ni? Ibo?"

"Ẹ fi àtàǹpàkò tì í sókè níbí, mà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kó fara ti ẹ̀gbẹ́ òsì."

Ọwọ́ Métírọ̀nù bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró bí òkúta inú odò.

"Tú tìrẹ sílẹ̀."

Àjíǹde ń yọ ìka rẹ̀ kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilà ò dúró, ó ṣì ń gùn. "Ẹ má mí jù, mà," ó wí, kó tó mọ ohun tó ti ẹnu òun jáde.

"Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń ṣe irú èyí. Mí tìrẹ." Kò gbé ojú kúrò lára wáyà. "Nọ́ọ̀sì kékeré kan wà nígbà kan. Mo wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó fẹ́ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ju ẹ̀mú sílẹ̀ sínú ikùn olóyè kan. Mo gbá a létí."

"Ẹ̀mú ńkọ́?" Àǹtí bèèrè.

"A rí i. Nígbà tó yá. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú iṣẹ́, tó bá kí mi, ojú ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi ń wò ó."

Ọ̀rọ̀ yìí ò bá Àǹtí lára mu rárá. "Ṣé kí ọmọ má wá kí àgbà ni?"

"Kó kí mi nílé. Tó bá délé mi, kó kúnlẹ̀ bó bá ṣe wù ú, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá tún fi nǹkan tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀ nítorí bàtà mi, èmi àti ẹ̀ ni."

"Mo gbọ́, mà," Àjíǹde wí.

"Má dá mi lóhùn, wo kọ̀ǹpútà rẹ."

Ilà kún. Òbìrìkìtì tútù bí ewé yọ lójú kọ̀ǹpútà, ìpolówó oògùn ikùn sì fò jáde tẹ̀ lé e. Àjíǹde gba fóònù, ó yọ wáyà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dì í mọ́ ọwọ́. Orúkọ ilé-iṣẹ́ yọ. Wọ́n ń retí kó kú. Kò kú. Ó dúró síbẹ̀, ó ń ronú bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tó ń bi ara rẹ̀ pé ilé ta ni mo wà. Àǹtí ti gbàgbé pé òun ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ojú fóònù là, gbogbo ohun inú rẹ̀ sì tò síbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Métírọ̀nù já a gbà lọ́wọ́ Àjíǹde. Ó tẹ ibì kan, ó tún tẹ ibì kan, fóònù sì bẹ̀rẹ̀ orin kan báyìí, orin kéékèèké bí agogo ọmọdé. Èso oríṣiríṣi ń já bọ́ lójú rẹ̀, pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. Eré ni. Irú èyí tí èèyàn ń to èso mẹ́ta mẹ́ta kí wọ́n lè pòórá.

"Kò sọnù," ó wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Àjíǹde fi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ibi tí mo dé ló wà."

Àǹtí na ọrùn wò ó. "Nǹkan pàtàkì náà rèé?"

"Òun ni. Dókítà àgbà kan tí a jọ ṣiṣẹ́, òun ló ń bá mi du ú. Ìpele mẹ́wàá ni mo fi ṣíwájú ẹ̀ kí nǹkan yìí tó dákẹ́. Á ti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ti kú." Ìka rẹ̀ ti ń to èso.

Onígbàjámọ̀ ti ìlẹ̀kùn wọlé, irun orí oníbàárà ló wà ní gbogbo àyà aṣọ rẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, tó ká apá aṣọ sókè, tí agogo ọmọdé ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí Àǹtí lórí ìkúnlẹ̀. Ó rí Àjíǹde tó na ẹsẹ̀ gbọọrọ sí ìyá rẹ̀ lójú.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń—"

"Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ ti kú," Métírọ̀nù wí láìgbójú sókè. "Wá bá a fi ọwọ́ ra á. Láti kókósẹ̀ lọ sókè, má lọ sísàlẹ̀."

Ọkùnrin náà dúró. "Ìyàwó ta ni?"

"Ṣé o dití ni?"

Àǹtí dìde dúró, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti padà di ti ẹni tó ní ọmọ láti fi fọ́kọ. "Kí ni ká wá sọ fún àwọn èèyàn wa nílé, Métírọ̀nù? Ọjọ́ wo lẹ máa wá?"

"Sátidé. Àárọ̀." Èso mẹ́ta pòórá, ó tún to mẹ́ta. "Ẹ má pè wọ́n jọ jù. Ẹ sì má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ báyìí, ọwọ́ mi wà nínú iṣẹ́."